Ojúmọ́ Lórí Odò Gáńgà: Omi Mímọ́ àti Omi Tí Ó Mọ́



Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ohun mẹ́ta tí àwọn ẹlòmíràn ń fún ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí oòrùn bá yọ, a ó ní ilẹ̀ mọ́. Bí a bá fọ aṣọ tí ìdọ̀tí rẹ̀ lọ, a ó ní aṣọ mọ́. Bí ohun kan bá sì jẹ́ ti Òrìṣà, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré, a ó ní ohun mímọ́ ni. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́ṣun bá dìde ní ìdájí, tí ó gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sí odò, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí tí ó fi gbé omi dé ojúbọ, mímọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdé nínú ìkòkò kan náà: ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, omi náà mọ́, ohun mímọ́ sì ni.

Ìlú kan ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kí odò wọn ní òwúrọ̀ láti ayébáyé, ṣùgbọ́n tí mímọ́ mẹ́ta wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà lójú wọn. Ìlú náà ni Varanasi, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà. Banaras ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń pè é. Kashi ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Odò náà ni Gáńgà, èyí tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń pè ní Ìyá. Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó yọ, àwọn atukọ̀ máa ń gbé àlejò àti arìnrìn-àjò ẹ̀sìn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn a sì rọra wà wọ́n lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ yìí tí ó sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, ìtàn ìlú kan látòkèdélẹ̀ ni ó ń kà lára òkúta.

Ìdí tí ìlú náà fi kọjú sí oòrùn

Láti inú yìnyín orí òkè Himalaya ni Gáńgà ti sun. Ó rìn tó nǹkan bí 2,500 kìlómítà kí ó tó wọ òkun ní ẹkùn Bengal. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó kọrí sí ní ọ̀pọ̀ ìrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti dé Varanasi, ó yí, ó ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá, bí ẹni tí ó fẹ́ padà sí ibi tí ó ti wá. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ka yíyí yìí sí àmì pé odò náà ya ìlú wọn sọ́tọ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ojú lásán lè rí. Bèbè tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ga, ilẹ̀ rẹ̀ sì le, odò kò lè jẹ ẹ́ bọ̀rọ̀. Bèbè kejì tẹ́jú, iyanrìn ni, omi a sì máa bò ó nígbà òjò. Apá kan ṣoṣo ni ìlú náà fìdí sọlẹ̀ sí. Apá kejì ṣófo. Ẹni tí ó bá dúró sí etí omi ní òwúrọ̀, kò sí ilé tí yóò dí oòrùn lójú rẹ̀. Láti inú iyanrìn ni oòrùn ti ń yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gba orí omi kọjá, á sì bọ́ sára àwọn ilé òkúta. Bí odò ti yí ni ìlú ṣe rí ojú oòrùn.

Láàárín odò kékeré méjì ni ìlú náà wà, Varuna ní àríwá àti Assi ní gúúsù, wọ́n sì sábà máa ń sọ pé láti inú orúkọ méjèèjì ni Varanasi ti wá. Ní gbogbo etí omi tí ó wà láàárín wọn ni wọ́n ti fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú odò. Ghat ni wọ́n ń pe irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀, iye wọn sì jẹ́ 84 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn ará ìlú. Orí wọn ni wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ti ń gbàdúrà, tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, tí wọ́n sì ti ń sun òkú.

Bí Gáńgà ṣe sọ̀ kalẹ̀

Kí ọkọ̀ tó ṣí, ó yẹ kí a gbọ́ ìtàn tí àwọn ẹlẹ́sìn náà ń sọ nípa bí odò wọn ṣe dé ayé. Ọba kan wà tí ń jẹ́ Sagara, tí ó ní 60,000 ọmọkùnrin. Ọba yìí fẹ́ fi ẹṣin rú ẹbọ, ẹṣin náà sì sọnù. Àwọn ọmọ wá a títí, wọ́n bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà mímọ́ kan tí ń jẹ́ Kapila. Láìbéèrè, wọ́n pè é ní olè. Àgbà náà la ojú rẹ̀ wò wọ́n, gbogbo wọn sì jóná di eérú. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ṣe ìsìnkú fún wọn, ọkàn wọn kò rí ibi lọ.

Ọ̀pọ̀ ìran kọjá kí ọmọ-ọmọ wọn kan, Bhagiratha, tó fi oyè sílẹ̀ lọ gbààwẹ̀ lórí òkè, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Gáńgà, tí ó ń ṣàn ní ọ̀run nígbà náà, sọ̀ kalẹ̀ wá fọ eérú àwọn baba òun. Gáńgà gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá já lulẹ̀ tààrà, agbára rẹ̀ yóò fọ́ ilé ayé. Òrìṣà wọn Shiva ni ó gbé orí sílẹ̀ fún un, tí ó fi irun orí rẹ̀ gbà á, tí ó sì tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Odò náà tẹ̀ lé Bhagiratha lẹ́yìn títí dé ibi eérú náà, àwọn òkú sì rí ìsinmi.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Èkíní, nítorí gbèsè tí alààyè jẹ òkú ni odò náà ṣe wá; kò wá nítorí òùngbẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé eérú òkú wá síbẹ̀ títí di òní. Èkejì, ọ̀rọ̀ àìbéèrè ni ó fa ìparun náà. Ẹ̀kẹta, odò tí a kò fi ọgbọ́n gbà, ìgbàlà rẹ̀ lè di ìparun. Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn Ọ̀ṣun nínú Odù Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá yóò rántí àwọn Irúnmọlẹ̀ tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí gbogbo iṣẹ́ wọn sì dojú rú títí wọ́n fi padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ìtàn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, a kò sì gbọdọ̀ pò wọ́n pọ̀. Gáńgà kì í ṣe Ọ̀ṣun, Shiva kì í sì í ṣe Òrìṣà ilẹ̀ wa kankan. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń sọ pé iṣẹ́ tí a bá ṣe láìbi olómi léèrè kì í yọrí sí rere.

Láti Assi dé Rajghat

Láti ìhà gúúsù, ní Assi, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti máa ń gbéra. Àwọn tí ń wa ọkọ̀ náà jẹ́ ìran Mallah, tí wọ́n tún ń pè ní Nishad. Iṣẹ́ ìdílé ni fún wọn. Nínú ìtàn Ọba Rama, ọ̀kan nínú irú wọn ni ó fi ọkọ̀ gbé Rama sọdá Gáńgà, tí ó ní òun yóò kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí òun tó jẹ́ kí ó wọlé. Nítorí náà, bí àwùjọ tilẹ̀ fi wọ́n sí ipò ìsàlẹ̀, wọn kì í gbàgbé pé ọba jẹ wọ́n ní gbèsè ọkọ̀.

Ní Assi, wọ́n máa ń gbé fìtílà ńlá sókè ní ìdájí, wọn a kọ orin, wọn a sì fi iná kí odò àti oòrùn. Àlejò á rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ náà báyìí. Ọdún 2014 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́. Kíkí oòrùn fúnra rẹ̀ ti pẹ́ púpọ̀: ẹni kọ̀ọ̀kan a wọ inú omi dé ìbàdí, á kọjú sí ìlà-oòrùn, á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, á sì jẹ́ kí ó máa ṣàn padà sínú odò bí ó ti ń gbàdúrà. Aṣọ tí wọ́n fi wọ ìsìn náà ni tuntun. Ara rẹ̀ ti gbó.

Bí a bá kúrò ní Assi, kò ní pẹ́ tí a ó fi dé Tulsi Ghat. Ibẹ̀ ni akéwì Tulsidas gbé títí tí ó fi kú ní ọdún 1623. Òun ni ó sọ ìtàn Rama ní èdè tí ará ọjà ń sọ, nígbà tí àwọn àlùfáà ń fẹ́ kí ó wà ní èdè Sanskrit nìkan. A ó padà wá sí ibí yìí.

Níwájú díẹ̀ ni ilé olódi Chet Singh wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1781, Warren Hastings, tí ó jẹ́ gómìnà fún ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wá fi agbára gba owó ogun lọ́wọ́ Chet Singh, ọba Banaras, ó sì fi àwọn ọmọ ogun há a mọ́ ilé. Àwọn ènìyàn ọba sọdá odò láti Ramnagar, wọ́n pa àwọn ọmọ ogun náà. Wọ́n so láwàní mọ́ ara wọn bí okùn, ọba gba ojú fèrèsé sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó sì sá lọ. Kò padà jọba mọ́. Odò gbà á, ṣùgbọ́n kò dá ìlú padà fún un.

Lẹ́yìn èyí ni Harishchandra Ghat, ọ̀kan nínú ibi méjì tí wọ́n ti ń sun òkú. Harishchandra jẹ́ ọba tí kò jẹ́ purọ́ láéláé. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó pàdánù ìjọba, ó ta ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó sì ta ara rẹ̀ fún ọkùnrin kan tí ń ṣọ́ ibi ìsunkú. Ní òru ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé òkú ọmọ wọn dé. Ọba náà béèrè owó ìsunkú lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn òrìṣà dá sí ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n jí ọmọ dìde. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ipò tí òtítọ́ wà nínú Ifá yóò mọ ìdí tí àwọn ará Banaras fi sọ ibi ìsunkú ní orúkọ ọba olótìítọ́.

Ọkọ̀ yóò kọjá Dashashwamedh, ibi tí èrò pọ̀ sí jù, yóò sì dé Manikarnika, níbi tí iná ìsunkú kì í kú tọ̀sán tòru. Àwọn Dom ni wọ́n ni iná náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ fara kan wọn nígbà ayé, ṣùgbọ́n kò sí olówó tàbí àlùfáà tí ó lè jóná láìgba iná lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìgbàgbọ́ wọn àti tiwa. Ẹni tí ó bá kú sí Kashi, ìgbàgbọ́ wọn ni pé a ti tú u sílẹ̀: kò ní padà wá sí ayé mọ́. Moksha ni wọ́n ń pe ìtúsílẹ̀ náà, òun sì ni èrè tí ó ga jù lọ. Àwa Yorùbá ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Ayọ̀ ni pé àgbà padà sílé. Ohun tí àwa ń fi orúkọ ọmọ dúpẹ́ fún ni àwọn ń rin ọ̀nà jíjìn wá sí etí odò láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní gbogbo ẹ̀sìn àbáláyé jẹ́ ọ̀kan náà kò tíì wo Manikarnika dáadáa.

Ní ọdún 1669 ni Aurangzeb, ọba àwọn Mughal, pàṣẹ kí wọ́n wó tẹ́ńpìlì Shiva tí ó lókìkí jù ní ìlú náà. Ọbabìnrin kan láti ilẹ̀ Maratha, Ahilyabai Holkar, ni ó kọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí ní nǹkan bí ọdún 1780, ó sì tún ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn etí omi ṣe. Ní òtítọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òkúta tí àlejò ń yà ní fọ́tò láti inú ọkọ̀ kò ju ọ̀rúndún kejìdínlógún lọ, àwọn Maratha sì ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlú náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ojú tí ó ń fi hàn fún oòrùn jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn tún kọ́ lẹ́yìn ìwólulẹ̀.

Ní Panchganga Ghat, mọ́sálásí tí Aurangzeb kọ́ ṣì dúró lókè àtẹ̀gùn. Lórí àtẹ̀gùn yìí kan náà ni ìtàn ti sọ pé Kabir dùbúlẹ̀ sí nínú òkùnkùn ìdájí. Ilé ahunṣọ Mùsùlùmí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì lè retí pé kí Ramananda, olùkọ́ àwọn Híńdù, gbà á ní ọmọ ẹ̀kọ́. Nígbà tí Ramananda ń bọ̀ wá wẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì fi ìjayà pe orúkọ Rama. Kabir ní òun ti gba ọ̀rọ̀ àṣírí. Kabir yìí náà, nígbà tí ó dàgbà, kọ̀ láti kú sí Kashi. Ó lọ kú sí Magahar, ìlú tí wọ́n sọ pé ibi kò dára fún ikú, kí ó lè fi hàn pé ìwà ni ó ń gbani, kì í ṣe ilẹ̀.

Ní òpin ìrìn náà ni Rajghat, níbi tí afárá ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ní ọdún 1887 wà. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí ibùgbé ènìyàn tí ó ti wà láti nǹkan bí 800 ọdún kí a tó bí Jésù. Ní àkókò yìí, oòrùn á ti gòkè, atukọ̀ á sì yí ọkọ̀ padà.

Mímọ́ méjì

Bí ìmọ́lẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yóò rí ohun tí òkùnkùn bò mọ́lẹ̀: ojú gọ́tà tí ń tú ìdọ̀tí ìlú sínú omi tí àwọn ènìyàn ń wẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti dé ojú rẹ̀.

Ní èdè Hindi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún mímọ́ ti òrìṣà ni *pavitra*. Èyí tí wọ́n ń lò fún ohun tí kò ní ìdọ̀tí ni *svachchh*. Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ẹlẹ́sìn tí ó bá ń wẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà lè sọ láìṣiyèméjì pé Ìyá kò lè díbàjẹ́: òun ni ó ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé, ta ni yóò wá fọ òun? Ẹ̀rí tilẹ̀ wà tí ó gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1896, Ernest Hankin, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣe ìwádìí kòkòrò àrùn ní Agra, kọ ọ́ jáde pé kòkòrò onígbáméjì kì í pẹ́ kú nínú omi odò náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ wá mọ̀ pé àwọn ẹ̀dá kan wà tí wọ́n kéré ju kòkòrò àrùn lọ, tí wọ́n sì ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n agbára odò ní ìwọ̀n. Ìlú tí ó wà ní etí rẹ̀ ní ayé Kabir kọ́ ni ó wà níbẹ̀ lónìí.

Ọkùnrin kan gbé láàárín mímọ́ méjèèjì yìí. Veer Bhadra Mishra ni olórí àlùfáà tẹ́ńpìlì Sankat Mochan, ní ìdílé tí ó jogún ipò Tulsidas, ilé rẹ̀ sì wà ní Tulsi Ghat tí a ti kọjá. Láti ọmọdé ni ó ti jẹ oyè náà. Ó tún kàwé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ nípa ìṣàn omi ní Yunifásítì Híńdù ti Banaras. Ní òwúrọ̀, ó máa ń wọ inú Gáńgà lọ wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Lẹ́yìn náà, á mú omi odò kan náà lọ fún àyẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí onímọ̀. Ìwọ̀n tí ìjọba Íńdíà fi lélẹ̀ fún omi tí ó yẹ fún wíwẹ̀ ni pé kí kòkòrò ìgbẹ́ inú rẹ̀ má ṣe ju 500 lọ nínú 100 mìlílítà, kí ó má sì kọjá 2,500 bí ó ti wù kí ó rí. Àyẹ̀wò rẹ̀ ń fi hàn léraléra pé ní ojú gọ́tà, iye náà kọjá èyí lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ.

Ní ọdún 1982, ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti gbèjà odò náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1986, Olórí Ìjọba Rajiv Gandhi wá sí Varanasi fúnra rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá tí ìjọba fẹ́ fi fọ Gáńgà mọ́. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi ìdọ̀tí, tí yóò sì máa sẹ́ ẹ. Mishra sọ pé iná mànàmáná ni àwọn ẹ̀rọ náà ń lò, iná kì í sì í dúró. Nígbà tí iná bá lọ, odò ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Ó ní bí omi bá kún lásìkò òjò, ẹ̀rọ náà á dákẹ́, àti pé bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọn kì í pa kòkòrò àrùn tán. Ohun tí ó dábàá ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ìdọ̀tí máa ṣàn fúnra rẹ̀ nínú ọ̀pá ńlá lọ sí ìsàlẹ̀ odò, sínú àwọn adágún tí oòrùn àti ewéko inú omi yóò ti fọ̀ ọ́. Ó tún ní kí ìjọba jẹ́ kí àwọn ará ìlú ní ẹnu nínú iṣẹ́ náà. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 2013, kí èyí tó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn tí ó ń jẹ́ Namami Gange. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Uttarakhand, ìpínlẹ̀ tí Gáńgà ti sun, dájọ́ pé odò náà ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ìdájọ́ náà dúró, nítorí pé ìpínlẹ̀ náà béèrè pé: bí odò bá kún tí ó pa ènìyàn, ta ni a ó pè lẹ́jọ́? Àwọn adájọ́ fi ìwé òfin béèrè ohun tí Bhagiratha ti fi ààwẹ̀ béèrè: ta ni yóò gbé orí sílẹ̀ fún agbára Gáńgà?

Mishra kò bá àwọn tí ó ní Gáńgà mọ́ títí ayé jà. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn tí wọ́n gbà pé Ìyá ni, tí wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń mu ún, ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ kí wọ́n bìkítà, nítorí pé bí omi bá pa wọ́n tán, kò sí ẹni tí yóò máa bọ odò. Àwọn àgbà wa ti sọ èyí ní kúkúrú: bí ènìyàn kò sí, òrìṣà kò sí.

Ohun tí ó kàn wá

Omi Gáńgà ti pàdé àwọn ọmọ Òrìṣà rí, ní Trinidad. Láti oṣù karùn-ún ọdún 1845 ni ọkọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Íńdíà lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Láti Calcutta, lórí ẹ̀ka Gáńgà, ni ọ̀pọ̀ ti wọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá láti agbègbè Banaras àti àyíká rẹ̀. Ní àkókò kan náà ni wọ́n ń kó àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lọ sí erékùṣù yẹn. Títí di òní, àwọn ojúbọ Òrìṣà kan wà ní Trinidad tí àsíá àti ère àwọn Híńdù wà nínú wọn. Láti àwọn ọdún 1990, àwọn Híńdù ibẹ̀ ń ṣe ọdún Gáńgà lórí odò Marianne ní Blanchisseuse. Wọn kò lè gbé odò wọn sọdá òkun, nítorí náà wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe omi tí wọ́n bá níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará wa ti pe Ọ̀ṣun sórí omi ilẹ̀ àjèjì. Ohun tí ó sọdá ni ìtọ́jú.

Nílé ńkọ́? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà lára àwọn ibi tí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé láti ọdún 2005. Ó di bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn olùsìn, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kọ̀ láti jẹ́ kí igbó náà parẹ́. Àwọn náà ṣe ohun tí Ahilyabai ṣe: wọ́n tún ojú ìsìn kọ́ lẹ́yìn ìwólulẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó ni wọ́n fi ọgbà yí ká. Odò kò ṣeé fi ọgbà yí ká. Àwọn tí ń wa góòlù ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà ti da omi náà rú ní òkè, ó ti pọ́n bí amọ̀, ní ọdún 2022 sì ni ìjọba kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má ṣe mu omi náà, àní nígbà ọdún Ọ̀ṣun.

Ní Banaras, èdè wọn gbà wọ́n láyè láti sọ pé odò mọ́ bí kò tilẹ̀ mọ́. Èdè tiwa kò fún wa ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Mímọ́ kan ṣoṣo ni a ní. Omi tí a ń bù fún aboyún, tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, tí Arugbá tìtorí rẹ̀ gbé igbá, kò lè jẹ́ mímọ́ ní ojúbọ kí ó sì jẹ́ májèlé lẹ́nu. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà kí Ọ̀ṣun ní òwúrọ̀ ti gba iṣẹ́ kan: kí ó béèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní òkè odò, ta ni ó fún wọn láṣẹ, àti ìgbà wo ni wọ́n yẹ omi náà wò kẹ́yìn. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ara ẹbọ. Àwọn Irúnmọlẹ̀ inú Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá kò ṣàìmọ iṣẹ́. Wọ́n gbàgbé olómi ni.

Kí ilẹ̀ mọ́ wa sí ire. Kí omi tí a ó bù mu má ṣe di ọ̀tá wa. Kí Ọ̀ṣun rí wa ní ọmọ tí ń tọ́jú ìyá, kí ó má ṣe rí wa ní ọmọ tí ń kí ìyá lásán. Àṣẹ.